Ìyípadà Tí Ń Bá Ọyàn Obìnrin Lóṣooṣù

Ọ̀pọ̀ obìnrin ni ọkàn wọn kì í balẹ̀ nígbà tí nǹkan oṣù bá kù sí dẹ̀dẹ̀, tí ọyàn wọn wú, tí ó ń dùn wọ́n, tí ó sì rí kókó-kókó. Ó yẹ kí wọn mọ ohun tí ó ń fà á.

Nínú ọyàn ni àwọn àpò kéékèèké tí ń ṣe omi ọyàn wà. Sẹ́ẹ̀lì, ẹ̀yà tín-ń-tín tí a fi mọ ara, ni ó bo inú àwọn àpò náà. Ojú lásán kò lè rí i, àfi awò tí í mú ohun kékeré tóbi.

Ọjọ́ tí nǹkan oṣù bá bẹ̀rẹ̀ ni a ń pè ní ọjọ́ kìn-ín-ní. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ 28 ni ó ń yí po, ẹyin a máa jáde ní nǹkan bí ọjọ́ 14. Lẹ́yìn èyí, họ́mọ̀nù tí a ń pè ní progesterone a pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì a máa pín sí méjì-méjì, omi a sì rọ́ sínú ẹran ara tí ó yí àwọn àpò náà ká. Ní ọdún 1981, Ferguson àti Anderson fi hàn pé nǹkan bí ọjọ́ 25 ni pípín yìí ń pọ̀ jù, àti pé nǹkan bí ọjọ́ 28 ni àwọn sẹ́ẹ̀lì ń kú jù. Ńṣe ni ó dà bí ẹni tí ó tẹ́ ẹní sílẹ̀ de àlejò: bí oyún kò bá dé, ara a ká ẹní rẹ̀, omi a fà, ọyàn a sì tún rọ̀.

Nítorí náà, ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá dá ni ó dára jù láti yẹ ọyàn wò. Èyí tí ń bá oṣù wá tí ó sì ń bá oṣù lọ kì í sábà jẹ́ àrùn. Ṣùgbọ́n kókó tí nǹkan oṣù dé tí ó lọ tí kò kúrò, awọ ọyàn tí ó sún kì, orí ọyàn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọnú tàbí tí ń sun ẹ̀jẹ̀, ọ̀dọ̀ dókítà ni kí a gbé e lọ láìjáfara. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni kí obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dáwọ́ dúró ṣe, bí ó bá rí kókó kankan. Ọ̀pọ̀ kókó kì í ṣe jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n àyẹ̀wò nìkan ni ó lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Kékeré ni a ti í pẹ̀ka ìrókò.