Jẹnẹrétọ̀ Tí Omi Wọ̀: Ẹ Má Tíì Fà Á, Ẹ Má Sì Tíì Tà Á

 Bí a ṣe ń lọ láti ojúlé dé ojúlé ní Adéníji Adélé, Ìdúmàgbò àti gbogbo Ìsàlẹ̀ Èkó láti kọ ohun tó bàjẹ́ sílẹ̀, jẹnẹrétọ̀ kékeré ni a ń gbọ́ lemọ́lemọ́. Kò yà wá lẹ́nu. Òun ni télọ̀, ẹni tó ń gẹrun àti ìyá tó ń ta omi tútù fi ń jẹun. Àwọn kan ti gbé tiwọn fún àwọn tó ń ra irin àlòkù, owó tí wọ́n gbà kò sì tó nǹkan. Ó dùn wá, torí ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì tí omi wọ̀ ṣì ṣeé tún ṣe.

Ohun tó sábà máa ń pa á kù ni ìkánjú ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Písítìn lè fún afẹ́fẹ́ pọ̀ nínú sìlíńdà, ṣùgbọ́n kò lè fún omi pọ̀. Bí ẹ bá fa okùn nígbà tí omi wà nínú rẹ̀, ọ̀pá tó gbé písítìn lè tẹ̀, àtúnṣe kékeré á sì di ìnáwó ńlá. Nítorí náà, ẹ má fà á rárá. Ẹ fi omi tó mọ́ ṣan ẹrẹ̀ ara rẹ̀ kúrò, kí ẹ gbé e síbi tí afẹ́fẹ́ wà, kí ẹ sì pe ẹni tó mọṣẹ́.

Ẹni tó mọṣẹ́ á kọ́kọ́ yọ púlọ́ọ̀gì, á da epo inú táńkì àti ti kábúrétọ̀ nù, á wá rọra fa okùn kí omi lè tú jáde láti ojú ihò púlọ́ọ̀gì. Bí ó bá jẹ́ èyí tó ní ọ́ìlì tirẹ̀ lọ́tọ̀, á wo àwọ̀ ọ́ìlì náà. Bí ó bá ti dà bíi tíì oní mílíìkì, omi ti wọ inú lọ́hùn-ún, ó sì di dandan kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, nígbà mìíràn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Kékeré tí gbogbo wa ń pè ní "I better pass my neighbour" kò ní ọ́ìlì lọ́tọ̀. Inú epo ni wọ́n ń pò ó mọ́, nítorí náà ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fa omi inú tirẹ̀ yàtọ̀.

Kọ́ìlì ló gba sùúrù jù. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀sà ni a wà. Bí ọ̀sà bá kún, omi gọ́tà kì í rí ọ̀nà jáde, á dà wọlé tòun ti ẹrẹ̀, ìdọ̀tí àti iyọ̀ díẹ̀. Ìwọ̀nyí ló ń jẹ wáyà bàbà. Ó gba kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n fi oòrùn tàbí gílóòbù tó gbóná gbẹ ẹ́ fún ọjọ́ díẹ̀, kí wọ́n sì fi mítà yẹ̀ ẹ́ wò kí iná tó jáde lára rẹ̀. Ẹ má yá a lórí iná ààrò.

Nígbà tí wọ́n bá wá tàn án wò, kó jẹ́ ìta gbangba. Kì í ṣe pásééjì, kì í ṣe abẹ́ fèrèsé, bí òjò tilẹ̀ ń rọ̀. Májèlé tó wà nínú èéfín rẹ̀, kábọ́ọ̀nù mónósáìdì, kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì lè pa odidi ìdílé lójú oorun.

Iṣẹ́ yìí ni a fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò kọ́, lọ́kùnrin lóbìnrin. (Ẹ̀yin ìyá tó ń bi wá bóyá ó yẹ ọmọbìnrin: ó yẹ ẹ́.) Ẹni tó bá mọ ẹ́ńjìnnì kékeré tó ń jẹ epo àti ọ́ìlì pọ̀ ti mọ ìdajì ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi tó wà ní Ẹbúté Èrò. A kò fara mọ́ ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ méjì tó ń parí sí fọ́tò àti ẹ̀wù ọ̀fẹ́. Ọwọ́ kì í mọ iṣẹ́ yìí láìtú ẹ́ńjìnnì palẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ètò NDE ti ìjọba àpapọ̀, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1986, ti ń fi ọ̀dọ́ sábẹ́ ọ̀gá tipẹ́, ọ̀nà yẹn náà ni àwa ń tọ̀: ọdún kan lọ́dọ̀ ọ̀gá tó ní ṣọ́ọ̀bù ní àdúgbò. Lẹ́yìn náà, ọmọ iṣẹ́ lè jókòó fún Trade Test ti ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Ìpele 3 ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n á sì gòkè dé 1. Ìwé yẹn wúlò fún ẹni tó fẹ́ wáṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ ńlá.

Ọ̀rọ̀ tó ń bí wa nínú jù ni ti òmìnira. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló kọ́ṣẹ́ parí tí wọn kò gbòmìnira, torí owó àti ọtí tí ọ̀gá ń bèèrè ń gun òkè bí ọjọ́ ṣe ń lọ. Nítorí èyí, a kì í fi ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀gá kankan láìsí ìwé àdéhùn tí òbí, ọ̀gá àti àwa jọ fọwọ́ sí. Iye owó òmìnira á wà nínú rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní, àti aago tí ọmọ á máa dé àti èyí tí á máa lọ sílé. Àwa la ó ra sípánà, mítà àti àpótí irinṣẹ́. Ti ọmọ ni wọ́n, kì í ṣe ti ṣọ́ọ̀bù.

Ẹni tó bá fẹ́ forúkọ sílẹ̀ kó bá òṣìṣẹ́ wa tó ń wá sí àdúgbò yín sọ̀rọ̀, tòun ti òbí tàbí alágbàtọ́ rẹ̀. A kì í gba owó fọ́ọ̀mù. A kì í béèrè ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sáláṣí tí ẹ ń lọ.