Loss, grief, condolence: òfò, ọ̀fọ̀ àti ẹ̀dùn ọkàn

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo ni «loss», ṣùgbọ́n Yorùbá a máa kọ́kọ́ bèèrè ohun tí ó lọ kí ó tó dá a lóhùn. Ní àgbègbè ilé-iṣẹ́ Ṣàǹgó-Ọ̀tà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ọ̀rọ̀ yìí lè wà nínú ìwé ìṣirò owó, kí ó sì tún wà nínú lẹ́tà sí ìdílé òṣìṣẹ́ tí ó kú. Ìtumọ̀ méjèèjì kò lè jẹ́ ọ̀kan náà.

Owó àti ọjà. Àdánù tàbí òfò ni a ń lò. Èrè ni òdì-kejì wọn. Àpẹẹrẹ: «Iná lọ lójijì, gbogbo ìyẹ̀fun tí wọ́n ti pò sì di òfò.»

Ohun tí a kò rí mọ́. Sọnù ni ọ̀rọ̀ rẹ̀: «Ó sọ káàdì ìwọlé rẹ̀ nù.» Ẹni tí ó bá sọ pé obìnrin kan «sọ ọkọ rẹ̀ nù» yóò mú kí àwọn ará ilé bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọkọ náà kiri.

Ikú. Ọ̀fọ̀ ni: «Ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ wọ́n.» Láti inú rẹ̀ ni ṣọ̀fọ̀ àti aṣọ ọ̀fọ̀ ti wá. Lónìí, àwọn ènìyàn tún ń sọ pé «Ó pàdánù ìyá rẹ̀»; kò burú. Ọjọ́ orí tún ṣe pàtàkì: òkú ọ̀fọ̀ ni ti ọ̀dọ́, ṣùgbọ́n wọ́n a máa ṣe ìnáwó fún òkú àgbà. Bí ó bá jẹ́ ọba, irú Ọlọ́tà, a kì í sọ pé ó kú. Ó wàjà ni.

«Grief». Ìbànújẹ́ gbòòrò, ẹ̀dùn ọkàn jinlẹ̀ jù ú lọ. Ẹ ṣọ́ra fún dùn: «Ó dùn mí» jẹ́ ìrora, «Ó dùn mọ́ mi» jẹ́ ayọ̀.

«Sorry for your loss». Ẹ má ṣe kọ «Ẹ dárí jì wá fún àdánù yín». Ẹ̀bẹ̀ ẹlẹ́ṣẹ̀ ni ìyẹn, bí ẹni pé ọwọ́ ẹni tí ó kọ ọ́ ni ikú náà ti wá. Ẹ kọ «A bá yín kẹ́dùn», «Ẹ kú ìrọ́jú», tàbí «Ẹ kú ará fẹ́ra kù». Fún òkú ọ̀fọ̀, ẹ lè fi kún un pé «Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹ rí irú rẹ̀ mọ́».

Àmì ohùn. Bí a bá tẹ «ofo» lásán, ọ̀rọ̀ mẹ́rin ni ó lè jẹ́:
òfo: àìsí nǹkan kan;
òfò: àdánù;
ọ̀fọ̀: ìṣẹ̀lẹ̀ ikú;
ọfọ̀: ọ̀rọ̀ agbára.

Lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀ kò ní kóòdù kan ṣoṣo nínú Unicode: ọ ni a kọ́kọ́ ń kọ, kí a tó fi àmì ìsàlẹ̀ lé e. Nítorí náà, ètò tí ó bá ń gé àmì kúrò yóò sọ «ìsinmi ọ̀fọ̀», tí ilé-iṣẹ́ fún ẹni tí ó ń ṣọ̀fọ̀, di «isinmi ofo», èyí tí a lè kà sí ìsinmi tí kò ní nǹkan kan nínú. Kí olùtumọ̀ tún àmì wò kí lẹ́tà tó jáde.