Ásíìdì Yúríìkì àti Ìpalára Ọ́síjìn Lára Àwọn Tó Ní Àtọ̀gbẹ Oríṣi Kejì

Ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé nínú bébà yìí ni ìdí tí iye ásíìdì yúríìkì inú ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ní àtọ̀gbẹ oríṣi kejì kò fi ṣeé dá kà ní òun nìkan. Bí aláìsàn bá gba èsì àyẹ̀wò, tó rí i pé yúríìkì òun kò ga, ọkàn rẹ̀ a balẹ̀. Ìbàlẹ̀ ọkàn yẹn lè tàn án jẹ.

Láti ara èròjà kan tó ń jẹ́ púrínì ni yúríìkì ti ń wá. Púrínì wà nínú gbogbo sẹ́ẹ̀lì wa, ó sì pọ̀ nínú ẹ̀dọ̀ màlúù, kíndìnrín, ẹja sadíìnì àti ọtí bíà. Ẹ́ńsáìmù tó ń sọ ọ́ di yúríìkì, ìyẹn xanthine oxidase, a máa tú irú ọ́síjìn kan tó ń ba nǹkan jẹ́ sílẹ̀ bó ti ń ṣiṣẹ́. Bí irú ọ́síjìn bẹ́ẹ̀ bá ju ohun tí ara lè kápá lọ, ó ń ba ọ̀rá, purotéènì àti ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ jẹ́. Èyí ni a pè ní ìpalára ọ́síjìn. Ṣúgà tó pọ̀ lápọ̀jù náà ń fà á, nítorí náà ẹni tó ní àtọ̀gbẹ ti ní tirẹ̀ nílẹ̀ kí ti yúríìkì tó kún un.

Síbẹ̀, yúríìkì kì í ṣe ọ̀tá lásán. Ní 1981, Bruce Ames àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà dábàá pé ó ń gbèjà ara lọ́wọ́ ọ́síjìn yìí nínú omi ẹ̀jẹ̀. Inú sẹ́ẹ̀lì ló ti lè yíwọ́ padà, kó dá kún ìpalára náà, bí ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà tó tún ń jí ẹrù inú ilé.

Ọ̀dọ̀ kíndìnrín ni ọ̀rọ̀ ti díjú jù. Nínú yúríìkì tó bá sẹ́ kọjá níbẹ̀, bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ló ń padà sínú ẹ̀jẹ̀. Ínsúlínì tó pọ̀, bó ṣe máa ń rí ní ìbẹ̀rẹ̀ àtọ̀gbẹ oríṣi kejì, ń mú kí èyí tó ń padà pọ̀ sí i, yúríìkì a sì ga. Ṣùgbọ́n nígbà tí ṣúgà bá pọ̀ débi pé ó ń bá ìtọ̀ jáde, yúríìkì náà a bá a lọ. Ẹni tí apá kò ká ṣúgà rẹ̀ mọ́ lè tipa bẹ́ẹ̀ ní yúríìkì tó kéré ju ti ẹni tó ń tọ́jú ara rẹ̀ dáadáa. Bí kíndìnrín bá wá rẹ̀wẹ̀sì, yóò tún gòkè.

Ṣé kí a kàn máa fi oògùn rẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ ni? Ní 2020, èsì ìwádìí méjì lórí allopurinol jáde: PERL, láàrin àwọn tó ní àtọ̀gbẹ oríṣi kìn-ín-ní, àti CKD-FIX, láàrin àwọn tí kíndìnrín wọn ń ṣàárẹ̀, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ní àtọ̀gbẹ. Yúríìkì wálẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kíndìnrín wọn kò sàn ju ti àwọn tí kò lò ó. Fún ìdí èyí, a kò fara mọ́ ọn kí ẹnikẹ́ni dá allopurinol rà ní kẹ́mísìtì nítorí pé yúríìkì ga nínú ìwé àyẹ̀wò. Oògùn náà lè bó awọ ara ẹlòmíràn.

Ohun tí a ń béèrè kò le. Kí a gbé èsì yúríìkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ HbA1c, tó ń sọ bí ṣúgà ti rí láti bí oṣù mẹ́ta, àti sẹ́gbẹ̀ẹ́ àyẹ̀wò kíndìnrín. Kí a sì bi aláìsàn léèrè oògùn tó ń lò, torí àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan tó ń mú ni tọ̀ máa ń gbé yúríìkì sókè.