Ta Ni Yóò Wọn Òṣùwọ̀n?

Ní ọjà Fìdítì, kí oníbàárà tó sọ iye kóńgò gààrí tó fẹ́ rà, ojú rẹ̀ á ti kọ́kọ́ lọ sí ìdí kóńgò. "Ẹ kú ọjà o, Ìyá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n wo kóńgò yín." Ọlọ́jà tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ kì í bínú sí èyí, yóò gbé kóńgò náà sókè kí oníbàárà lè rí i pé wọn kò lu ìdí rẹ̀ wọnú, wọn kò sì tẹ́ ohunkóhun sínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ní Ìlọrà nígbà tí àgbẹ̀ bá fẹ́ ta èso kajú: àgbẹ̀ tó gbọ́n kì í gbé àpò lé òṣùwọ̀n títí yóò fi rí i pé ọwọ́ òṣùwọ̀n náà dúró lórí òdo nígbà tí kò sí nǹkan lórí rẹ̀. Ará Afijió kò ka èyí sí ìjà. Wọ́n mọ̀ pé ọjà kò lè tọ̀nà bí òṣùwọ̀n bá wọ́.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, iṣẹ́ kan wà láyé òde òní tó jẹ́ pé wíwo ìdí kóńgò yìí gan-an ni. Inú yàrá àyẹ̀wò tí wọ́n ti ń yẹ yùréníọ̀mù àti àwọn ohun èlò núkílíà mìíràn wò ni àwọn tó ń ṣe é wà. Àwọn kan ń wọn ohun èlò náà. Àwọn tí à ń sọ yìí ń yẹ ẹni tó ń wọ̀n ọ́n àti ẹ̀rọ tó fi ń wọ̀n ọ́n wò. Orúkọ wọn kì í sábà jáde nínú ìwé ìròyìn, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá sùn lẹ́nu iṣẹ́, àlàáfíà orílẹ̀-èdè àti ẹ̀mí aláìsàn lè bọ́ sínú ewu.

Ìdí tí gíráàmù kan fi ní àkọsílẹ̀ tirẹ̀

Yùréníọ̀mù jẹ́ irin wíwúwo tí à ń wà nínú ilẹ̀. Oríṣi méjì ló ṣe pàtàkì nínú rẹ̀, bí ọmọ ìyá méjì tí ojú wọn jọra tí ìwà wọn sì yàtọ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní 238 ló pọ̀ jù. Èyí tí wọ́n ń pè ní 235 kò ju nǹkan bí 7 lọ nínú 1,000. Èyí tó ṣọ̀wọ́n yìí ni wọ́n ń lò jù láti mú iná mànàmáná jáde. Òun náà ni wọ́n lè fi ṣe àdó olóró bí wọ́n bá kó o jọ tó.

Nítorí náà, gbogbo orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí àdéhùn pé àwọn kò ní ṣe àdó olóró gbọ́dọ̀ ṣírò èyí tó wà lọ́wọ́ wọn. Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn náà ní ọdún 1968. Àjọ Àgbáyé fún Agbára Átọ́ọ̀mù, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1957, ló ń rán àwọn olùbẹ̀wò káàkiri. Wọ́n á bu bíńtín nínú ohun èlò náà, wọ́n á sì gbé e lọ sí yàrá àyẹ̀wò àjọ náà ní Seibersdorf, nítòsí ìlú Vienna. Bí èsì àyẹ̀wò bá sọ pé nǹkan dín, orílẹ̀-èdè kan lè di afurasí lójú gbogbo ayé. Bí ó bá sọ pé ó pé nígbà tí kò pé, olè ti rí ibi sá pamọ́ sí. Ẹ̀sùn tó tóbi báyìí kò ṣeé gbé ka orí òṣùwọ̀n tí ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ wò.

Mẹ́ta tó dín

Àpẹẹrẹ tó gbayì jù lọ lórí ọ̀rọ̀ yìí, inú ilẹ̀ Áfíríkà ni gbòǹgbò rẹ̀ wà. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1972, wọ́n ń ṣe àyẹ̀wò tí wọ́n máa ń ṣe ní gbogbo ìgbà ní ilé iṣẹ́ Pierrelatte lórílẹ̀-èdè Faransé. Wọ́n mọ̀ pé nínú 100,000 átọ́ọ̀mù yùréníọ̀mù tí a bá wà nínú ilẹ̀, nǹkan bí 720 ni yóò jẹ́ 235, láti ibi yòówù kó ti wá. Èyí tó wà níwájú wọn lọ́jọ́ náà, 717 ló wà nínú rẹ̀. Mẹ́ta ló dín.

Ẹlòmíràn ìbá ní kí ni mẹ́ta lára 720, ìbá sì kọjá lọ. Wọn kò gbójú fò ó. Síbẹ̀, wọn kò pariwo olè, nítorí àìfẹ̀sọ̀ké ìbòsí ni kò ṣéé gbè. Wọ́n tún un wọ̀n. Wọ́n wádìí bóyá yùréníọ̀mù tí wọ́n ti yọ 235 inú rẹ̀ kúrò tẹ́lẹ̀ ló dà pọ̀ mọ́ ọn. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n wá ń tọ ipasẹ̀ ọjà náà padà sẹ́yìn, láti ilé iṣẹ́ dé ilé iṣẹ́, títí wọ́n fi dé ibi ìwakùsà Oklo lórílẹ̀-èdè Gàbọ́ọ̀nù. Níbẹ̀, wọ́n rí òkúta tó jẹ́ pé 440 péré ló kù nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣírò gbogbo èyí tó dín nínú ohun tí wọ́n ti wà, ó tó nǹkan bí 200 kílò.

Kò sí olè kankan. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà, onímọ̀ ọmọ Faransé, Francis Perrin, kéde ohun tó ṣẹlẹ̀. Ní nǹkan bí bílíọ̀nù méjì ọdún sẹ́yìn, nígbà tí 235 ṣì pọ̀ nínú ilẹ̀ ju ti ìsinsìnyí lọ, omi wọ inú òkúta Oklo, iṣẹ́ núkílíà sì bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀ nínú ilẹ̀, láìsí ọwọ́ ènìyàn kankan níbẹ̀. Ó ń jó, ó ń sinmi, fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún ọdún. 235 tí wọ́n ń wá, iná ilẹ̀ ló ti jẹ ẹ́. Paul Kuroda ti sọ ní 1956 pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lè ṣẹlẹ̀. Ìwọ̀n tó péye ló fi hàn pé ó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Bí òṣùwọ̀n wọn bá ń gbọ̀n tẹ́lẹ̀ ni, mẹ́ta tó dín náà ìbá ti rì sáàárín àṣìṣe ojoojúmọ́.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é

Ọgbọ́n tí wọ́n ń dá kò ṣòroó yé ẹni tó bá ti ná ọjà rí. Àkọ́kọ́, wọ́n ní ohun àfiwọ̀n, tí àwọn ilé àyẹ̀wò àgbà ti wọ̀n, tí wọ́n sì fún ní ìwé ẹ̀rí. Wọ́n á fi í sáàárín àwọn tí wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò. Bí ẹ̀rọ kò bá sọ òótọ́ nípa èyí tí a mọ̀, a kò lè gbà á gbọ́ nípa èyí tí a kò mọ̀.

Èkejì, wọ́n á mú ìgò tí kò sí yùréníọ̀mù nínú rẹ̀, wọ́n á sì ṣe ohun gbogbo fún un bí wọ́n ṣe ṣe fún àwọn yòókù. Bí ẹ̀rọ bá rí yùréníọ̀mù níbẹ̀, a jẹ́ pé ìdọ̀tí ti wọlé láti ara omi, ìgò tàbí ọwọ́ òṣìṣẹ́. Ẹ̀kẹta, wọ́n á pín ohun kan ṣoṣo sí méjì, wọ́n á fún un ní orúkọ méjì, ẹni tó ń wọ̀n ọ́n kò sì ní mọ̀. Èsì méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu. Ẹ̀kẹrin, wọ́n á fi ohun kan náà ránṣẹ́ sí oríṣiríṣi ilé àyẹ̀wò láìsọ iye tó wà nínú rẹ̀, kí wọ́n lè mọ ẹni tí òṣùwọ̀n rẹ̀ ti ń yẹ̀.

Èyí tó dùn mọ́ wa jù ni òfin ìwé kíkọ. Ẹni tó bá ṣi nọ́ńbà kọ kò gbọ́dọ̀ pa á rẹ́, kò sì gbọ́dọ̀ ya ojú ìwé náà. Ìlà kan ṣoṣo ni yóò fà lé e lórí, kí gbogbo ènìyàn ṣì lè ka ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Yóò kọ èyí tó tọ̀nà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, yóò fọwọ́ sí i, yóò sì kọ déètì.

Ó kan ilé wa

Iṣẹ́ yìí kò jìnnà sí wa. Láti 2004 ni ẹ̀rọ ríákítọ̀ kékeré kan, NIRR-1, ti ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria. Wọ́n ń lò ó láti mọ ohun tó wà nínú erùpẹ̀, òkúta àti oúnjẹ. Yùréníọ̀mù tí wọ́n kọ́kọ́ fi sínú rẹ̀ jẹ́ irú èyí tí 235 inú rẹ̀ pọ̀ gan-an, ó lé ní 90 nínú 100. Ní òpin ọdún 2018, wọ́n kó o padà sí Ṣáínà, wọ́n sì fi èyí tí 235 inú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 13 nínú 100 rọ́pò rẹ̀, kí ẹni ibi má baà rí i jí. Kò ju nǹkan bí kílò kan lọ, síbẹ̀ ó ní àkọsílẹ̀ láti ọjọ́ tó wọlé títí di ọjọ́ tó jáde.

Ní ti ilé ìwòsàn, ọ̀rọ̀ náà tún sún mọ́ wa sí i. Ní 1996, ní ilé ìwòsàn kan ní Costa Rica, wọ́n pààrọ̀ ohun tó ń mú ìtànṣán jáde nínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tọ́jú jẹjẹrẹ. Nígbà tí wọ́n ń wọn agbára rẹ̀, wọ́n ka ìṣẹ́jú àáyá 30 sí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú kan, dípò ìdajì ìṣẹ́jú. Àwọn aláìsàn tó lé ní 100 ló gba ìtànṣán ju bó ṣe yẹ lọ, àwọn kan sì kú. Bí ẹlòmíràn bá tún ìwọ̀n náà ṣe lọ́tọ̀ ni, àṣírí àṣìṣe náà ìbá ti tú kí aláìsàn kankan tó dé iwájú ẹ̀rọ.

Irú rẹ̀ ni iṣẹ́ yìí wà láti dènà. Láti 1969 ni Àjọ Agbára Átọ́ọ̀mù àti Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ń fi ohun ìwọ̀n kékeré ránṣẹ́ sí àwọn ilé ìwòsàn káàkiri ayé. Wọ́n á tan ìtànṣán sí i, wọ́n á dá a padà, àwọn àjọ náà á sì sọ fún wọn bóyá ẹ̀rọ wọn ń sọ òótọ́. Ní Ìbàdàn, tí kò jìnnà sí Fìdítì, ilé ìwádìí ìjọba àpapọ̀ lórí ààbò ìtànṣán wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi ohun ìwọ̀n ìtànṣán wé òṣùwọ̀n tó ju tirẹ̀ lọ. Òṣùwọ̀n ní baba, baba rẹ̀ náà sì ní baba.

Nítorí náà, bí ará ilé yín bá fẹ́ gba ìtọ́jú ìtànṣán, kò sí àfojúdi nínú bíbéèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ìgbà wo ni wọ́n yẹ ẹ̀rọ yìí wò kẹ́yìn?" Òṣìṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò ní èsì fún yín. Bí ẹ bá sì ní ọmọ tó fẹ́ràn físíìsì, kẹ́mísírì àti ìṣirò, tó máa ń tún iṣẹ́ rẹ̀ wò kó tó fà á lé olùkọ́ lọ́wọ́, ẹ sọ fún un pé irú iṣẹ́ yìí wà.

Ṣùgbọ́n ilé ni ẹ̀kọ́ rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n ń nà nígbàkúùgbà tó bá jẹ́wọ́ àṣìṣe, kíákíá ni yóò kọ́ bí a ṣe ń pa nọ́ńbà rẹ́. Èyí tí wọ́n bá gbà láyè láti sọ pé, "Bàbá, mo ṣì í kọ, mo sì ti tún un ṣe," ìlà kan ṣoṣo ni yóò máa fà lé àṣìṣe rẹ̀ lórí. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni ayé lè fi òṣùwọ̀n lé lọ́wọ́.