Ọkọ̀ Fúyẹ́, Ìró Pọ̀: Ìwádìí Ohun Tí Ń Dún nínú Ọkọ̀ Ìdárayá àti Èdè-Ìperí Tí Ó Bá A Mu

Bí ògbufọ̀ kan bá gbé ìwé àtúnṣe ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ síwájú tí ó fẹ́ sọ ọ́ di Yorùbá, ọ̀rọ̀ tí yóò kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn fún gbogbo ohun tí ń dún níbi tí kò yẹ kí ó ti dún ni “ariwo”. Ọ̀rọ̀ náà kò burú, ṣùgbọ́n kò tó. Ariwo ni ti ọjà. Ariwo ni ti àwọn ọmọ ilé-ìwé tí olùkọ́ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Ariwo kò sọ irú ohun tí ń dún, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ ohun tí ó fà á. Ẹni tí ń wá ìdí ìró kan nínú ọkọ̀ nílò ọ̀rọ̀ tí yóò fi hàn bóyá nǹkan méjì ni ń kan ara wọn, tàbí wọ́n ń ha ara wọn, tàbí nǹkan kan ṣoṣo ni ń gbọ̀n tí ó sì ń kùn. Okùnfà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yàtọ̀ síra, àtúnṣe wọn sì yàtọ̀. Ibi tí ìyàtọ̀ yìí ti hàn gbangba jù lọ ni inú ọkọ̀ kékeré, ọlọ́mọ méjì, tí wọ́n dìídì ṣe ní fífúyẹ́ kí wíwà rẹ̀ lè dùn.

Orúkọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ pàápàá ní ìṣòro tirẹ̀. “Ọkọ̀ eré-ìje” ni ó máa ń wá sẹ́nu àwọn ènìyàn, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí ń díje lórí pápá yàtọ̀ sí èyí tí ènìyàn rà fún ìgbádùn, tí ó sì ń wà lọ sí ibi iṣẹ́ ní ọjọ́ Ajé. “Ọkọ̀ ìdárayá” bá a mu jù, nítorí pé ara ẹni tí ń wà á ni ó ń dá, kì í ṣe pé ó ń bá ẹnikẹ́ni du ipò.

Àpẹẹrẹ tí ó dára púpọ̀ ni Lotus Elise. Ilé-iṣẹ́ Lotus, tí ó wà ní Hethel ní àgbègbè Norfolk ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi ọkọ̀ yìí han gbogbo ayé níbi ìpàtẹ ọkọ̀ ní Frankfurt ní ọdún 1995. Ọdún 1996 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà á, wọ́n sì dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró ní ọdún 2021. Colin Chapman tí ó dá Lotus sílẹ̀ ti kú láti ọdún 1982, ṣùgbọ́n ìlànà rẹ̀, pé kí wọ́n yọ gbogbo ohun tí ọkọ̀ kò bá nílò kúrò lára rẹ̀, ni wọ́n tẹ̀ lé. Ọ̀pá alumíníọ̀mù tí wọ́n fi àtè líle lẹ̀ pọ̀ ni ṣáṣíì rẹ̀, ìwọ̀n ṣáṣíì náà kò sì ju kílógíráàmù 68 lọ, èyí tí géńdé ọkùnrin méjì lè gbé dìde láìsí wàhálà. Fáíbà ni wọ́n fi ṣe ara rẹ̀. Àwọn ti àkọ́kọ́ kò wúwo ju nǹkan bíi kílógíráàmù 725 lọ, ilẹ̀ inú wọn sì jẹ́ alumíníọ̀mù gbalasa tí ẹsẹ̀ ènìyàn ń kàn.

Ohun tí wọ́n yọ kúrò ni ó ń dá ìró sílẹ̀. Nínú ọkọ̀ ńlá, ọ̀dà tí ó nípọn, kápẹ́ẹ̀tì àti fóòmù ni ó bo àwọn irin pẹlẹbẹ inú rẹ̀, bí ọwọ́ onílù ti ń bo awọ kí ìlù má baà dún. Ọkọ̀ ìdárayá kò ní irú ìbora bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe pé wọ́n ṣe é lábùkù. Aṣọ ni kò wọ̀. Àwọn ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ tún le, tí ó fi jẹ́ pé gbogbo òkúta ojú ọ̀nà ni ó ń ránṣẹ́ dé àga ẹni tí ó wà á. Bí òrùlé rẹ̀ bá sì jẹ́ èyí tí wọ́n ń ká kúrò, ara ọkọ̀ náà yóò máa lọ́ díẹ̀díẹ̀ ní orí ọ̀nà gbágungbàgun, nítorí pé òrùlé ni ó sábà máa ń di ọkọ̀ yòókù pọ̀ lókè.

Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ni ó lè mú kí ẹni tí kò kọ́ ẹ̀kọ́ físíìsì mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀. Àwọn ìlẹ̀kẹ̀ tí ó wà lára àwọ̀n rẹ̀ kò lẹ̀ mọ́ akèrègbè. Àyè wà láàárín wọn. Bí wọ́n bá mì ín, ìlẹ̀kẹ̀ á kúrò lára akèrègbè, á sì padà wá kàn án. Bí ẹnìkan bá di àwọ̀n náà mọ́ akèrègbè pinpin, kò ní dún mọ́, bí ó ti wù kí wọ́n mì ín tó. Ohun méjì, nígbà náà, ni irú ìró yìí nílò: àyè láàárín nǹkan méjì, àti ìmìtìtì tí ó lágbára ju agbára tí ó so wọ́n pọ̀ lọ. Bí nọ́ọ̀tì kan bá dẹ̀ lára ọkọ̀, ó ti di ìlẹ̀kẹ̀ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Oòrùn àti òtútù pẹ̀lú ń dá sí i. Alumíníọ̀mù tí ó gùn ní mítà kan máa ń fi nǹkan bíi 0.7 mílímítà gùn sí i bí ooru bá fi ìwọ̀n Sẹ́lísíọ̀sì 30 pọ̀ sí i. Ti irin kò ju nǹkan bí ìdajì èyí lọ. Nítorí náà, ìró tí ń yọ ẹni lẹ́nu ní òwúrọ̀ lè dákẹ́ ní ọ̀sán, kí mẹkáníìkì sì máa wo olówó ọkọ̀ bí òpùrọ́.

Èkejì yàtọ̀. Nǹkan méjì tí ó fara kanra pẹ́kípẹ́kí ń lẹ̀ mọ́ra, wọ́n ń yọ̀, wọ́n tún ń lẹ̀ mọ́ra, léraléra láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ọrun gòjé ti ń mú okùn rẹ̀ ké náà nìyẹn. Rọ́bà ojú fèrèsé àti awọ àga tí ń ha ara wọn ni ó sábà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Dídì wọ́n pọ̀ sí i kì í wò ó sàn. Ó lè mú kí ó ké sí i. Òróró díẹ̀ tàbí ìyẹ̀fun táákì ni oògùn rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ti nǹkan pẹlẹbẹ kan ṣoṣo tí ń kùn nítorí pé iye ìgbà tí ohun mìíràn ń mì ín bá iye ìgbà tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́ràn láti máa gbọ̀n mu.

Ẹ́ńjìnnì ni ó sábà máa ń ṣe ìmìtìtì yìí. Ẹ́ńjìnnì onísìlíńdà mẹ́rin, irú èyí tí ó wà nínú Elise, máa ń tanná lẹ́ẹ̀méjì ní gbogbo ìgbà tí ó bá yípo. Bí ó bá ń yípo ní ìgbà 3,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, ìgbà 50 ni ó ń yípo láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìgbà 100 ni ó sì ń tanná. Páànù adènà-ooru tí ó wà lókè páìpù èéfín, bí bọ́ọ̀tì kan lára rẹ̀ bá ti dípẹtà, lè dákẹ́ rọ́rọ́ ní 2,500, kí ó kígbe ní 3,000, kí ó sì tún dákẹ́ ní 3,500. Ẹni tí ó bá mọ èyí kò nílò láti rìn jìnnà. Yóò dúró sójú kan, yóò fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ́ńjìnnì díẹ̀díẹ̀, yóò sì tẹ́tí sílẹ̀.

Bí ìró náà kò bá tẹ̀ lé ẹ́ńjìnnì ńkọ́? Kí ó sáré dáadáa lórí ọ̀nà tí ó tẹ́jú, kí ó yọ ọ́ kúrò nínú gíà, kí ẹ́ńjìnnì rẹlẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ ṣì ń yí lọ. Bí ìró kò bá yí padà, ọ̀dọ̀ táyà àti àwọn ohun tí ń bá a yí ni kí ó wá a lọ. Táyà tí àyíká rẹ̀ jẹ́ 1.8 mítà ń yípo ní nǹkan bí ìgbà 15 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan bí ọkọ̀ bá ń sáré 100 kìlómítà ní wákàtí. Ìró rẹ̀ máa ń lọ́ra ju ti ẹ́ńjìnnì lọ. Èyí tí kò bá tẹ̀ lé ẹ́ńjìnnì, tí kò tẹ̀ lé táyà, tí ó jẹ́ pé ìgbà tí ọkọ̀ bá já sí kòtò nìkan ni ó ń dún, ti ojú ọ̀nà nìyẹn.

Ṣáájú gbogbo èyí, kí ó kọ́kọ́ kó gbogbo ẹrù inú ọkọ̀ jáde. Ó dàbí ọ̀rọ̀ ọmọdé, ṣùgbọ́n owó ẹyọ kan tí ó bọ́ sábẹ́ àga, tàbí jáàkì tí wọn kò dè nínú búùtù Mazda MX-5, ti jẹ́ kí àwọn àgbàlagbà tú odindi dáṣíbọ́ọ̀dù palẹ̀ lásán. MX-5 yìí, tí ó jáde ní ọdún 1989, tún ní ìró méjì mìíràn tí àwọn olówó rẹ̀ mọ̀ dunjú: ìkọ́ tí ó de òrùlé aṣọ mọ́ ojú gíláàsì, àti àwọn ohun ìtì-fáàfù inú ẹ́ńjìnnì ti àkọ́kọ́, tí wọ́n máa ń dún tí-tí-tí bí òróró kò bá tíì kún wọn.

Etí nìkan kò tó láti rí ibi tí ìró ti wá. Ìró tí ń gbọ̀n ní ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ní ìgbì tí ó gùn tó 3.4 mítà, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó ọkọ̀ Elise fúnra rẹ̀. Ibi gbogbo ni yóò dàbí ẹni pé ó ti ń wá. Èyí tí ń gbọ̀n ní ìgbà 3,000 kò gùn ju sẹ̀ǹtímítà 11 lọ, etí méjèèjì sì lè pín in níyà. Nítorí náà ni ó fi dára kí ẹlòmíràn wà á, kí ẹni tí ń wádìí jókòó sí ẹ̀gbẹ́, kí ó máa fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ibi kọ̀ọ̀kan. Ibi tí ó bá tẹ̀ tí ìró dákẹ́ ni ó ń wá. Bí ọkọ̀ bá wà lójú kan, sikirúdiráfà gígùn tí wọ́n fi ìdí rẹ̀ ti etí ń ṣiṣẹ́ bí irinṣẹ́ dókítà.

Ní ti èdè-ìperí, ìjíròrò gbọ́dọ̀ pẹ́ díẹ̀. Fún ìró àkọ́kọ́, “ìkanra” ni ó yẹ kí ó rọrùn, ṣùgbọ́n ẹni tí ń kanra ni ẹni tí inú ń bí. “Ìkọlura” burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé nínú ìwé ọkọ̀, jàm̀bá ni yóò túmọ̀ sí. Fún ẹ̀kẹta, “kíkùn” yóò da mẹkáníìkì láàmú: bí ó bá kà pé bọ́nẹ́ẹ̀tì ní ìṣòro kíkùn, ó lè lọ ra ọ̀dà. Àbá tí ó wà nílẹ̀ níhìn-ín ni kí àkọ́kọ́ jẹ́ “ìgbọ̀nkàn”, kí èkejì jẹ́ “ìlẹ̀yọ̀”, kí ẹ̀kẹta jẹ́ “ìgbọ̀nkùn”, kí bíbá tí ìgbọ̀n ohun kan bá ti òmíràn mu sì jẹ́ “ìgbọ̀npọ̀”. Ẹnìkan lè sọ pé ìgbọ̀nkàn àti ìgbọ̀nkùn jọra jù lójú ìwé. Òótọ́ ni, ó sì yẹ kí àwọn olùkọ́ dán wọn wò ní kíláàsì kí ẹnikẹ́ni tó tẹ̀ wọ́n sínú ìwé atúmọ̀.

Ohun tí kò yẹ kí wọ́n gbójú fò ni àwọn ọ̀rọ̀ afarawé-ìró. Àwọn ìgbìmọ̀ èdè-ìperí sábà máa ń kà wọ́n sí ọ̀rọ̀ eré, wọ́n sì ń fẹ́ràn ọ̀rọ̀-orúkọ aṣẹ̀dá. Àṣìṣe ni. Ohùn òkè inú “ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́” ń sọ pé nǹkan kékeré, fífúyẹ́ ni; ohùn ìsàlẹ̀ inú “gbì” ń sọ pé nǹkan náà wúwo. Àpètúnpè ń sọ bóyá ó ń dún léraléra tàbí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tí ó bá sọ fún mẹkáníìkì pé ọkọ̀ òun ń ṣe “ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́” lẹ́yìn, àti ẹni tí ó sọ pé tòun ń ṣe “gbọ̀” lẹ́ẹ̀kan nígbà tí òun bá ń ya kọ́nà, ti sọ ohun tí “ariwo” kò lè sọ láéláé.

Ti ẹnìkejì yìí ni ẹ̀mí wà nínú rẹ̀. Lábẹ́ ẹ̀yìn Elise, ọ̀pá kékeré kan wà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan tí kì í jẹ́ kí táyà ẹ̀yìn yà sí ọ̀tún tàbí òsì. Bọ́ọ̀lù-jọ́ìntì tí ó wà ní ìkángun rẹ̀ máa ń jẹ. Bí ó bá já nígbà tí ọkọ̀ ń sáré, táyà náà yóò yà síbi tí ó wù ú, ọkọ̀ yóò sì yí. Kí ó tó já, ó máa ń dún “gbọ̀”, lẹ́ẹ̀kan, nínú kọ́nà tàbí nígbà tí ẹsẹ̀ bá kúrò lórí ẹ́ńjìnnì. Bí ó bá ti dún bẹ́ẹ̀, kí wọ́n gbé táyà ẹ̀yìn kúrò nílẹ̀, kí ẹnìkan di etí rẹ̀ mú níwájú àti lẹ́yìn, kí ó máa tì í kí ó sì máa fà á, kí ẹnìkejì fi ìka lé jọ́ìntì náà. Bí ìka bá mọ̀ ọ́n lára pé ó ń yẹ̀, pípààrọ̀ rẹ̀ ni, kí ọkọ̀ náà tó tún kúrò níbẹ̀.