Owó Àgùdà: Ta Ni Yóò Béèrè Rẹ̀?

Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje, ọdún 2024, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ pàṣẹ pé kí owó àwọn ìjọba ìbílẹ̀ máa bọ́ sí ọwọ́ wọn tààrà, kí ó má gba ọwọ́ gómìnà mọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn yọ̀. Ṣùgbọ́n ìjọba ìbílẹ̀ onídàgbàsókè Coker-Àgùdà, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 2003, kò sí nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa. Ìjọba ìbílẹ̀ 20 péré ni ìwé náà kà fún Èkó. Lórúkọ Súrùlérè ni a sì ń pín owó tiwa ní Àbújá.

Èló wá ni ó ń kan Àgùdà nínú rẹ̀? A kò sọ pé ẹnikẹ́ni jalè o. Ìṣirò ni a ń béèrè. Òfin ọdún 2011 gbà fún ẹnikẹ́ni láti béèrè ìwé ìnáwó ìjọba láìsọ ìdí, ọjọ́ 7 ni a sì fi fún wọn láti dáhùn. Ní ọdún 2025, Ilé-ẹjọ́ kan náà wí pé òfin yìí de gbogbo ìpínlẹ̀.

Ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ kì í san owó ìsọ̀ kí ẹ má gba rìsíìtì. Kí ni ẹ ń dúró dè tí ẹ kò fi kọ̀wé béèrè ti ìjọba?