Bí Ẹ̀rọ Ìtẹ̀wé Ṣe Ń Mú Tákàdá Lọ́kọ̀ọ̀kan

Nígbà tí Henry Townsend dá Ìwé Ìròyìn sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1859, ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé tákàdá sí ẹ̀rọ. Lónìí, atẹ́gùn á fẹ́ etí tákàdá, ẹnu rọ́bà á fa ọ̀kan sókè, irin á gbá a mú wọlé.

Ṣùgbọ́n ní Zaria, níbi tí wọ́n ti dá Gaskiya Corporation sílẹ̀ ní 1945, ọyẹ́ máa ń mú tákàdá gbẹ, wọn a sì lẹ̀ mọ́ra. Bí méjì bá wọlé pọ̀, ojú ọ̀kan á ṣófo. Nítorí náà ni wọ́n ṣe fi ohun tó ń wọn nínípọn tákàdá sí ẹ̀rọ: bó bá ti ju ọ̀kan lọ, ẹ̀rọ á dúró.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ yẹ ìwé tuntun wò lójú ewé kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó pín in. Akẹ́kọ̀ọ́ ló ń jìyà ojú ewé tó ṣófo.